Àtúnkì Katiríìjì Nínú Ilé: Eré Ìdárayá Lókè Òkun, Ẹ̀wọ̀n Nílé

Ìbéèrè méjì ló wọlé sọ́dọ̀ mi láàárín oṣù kan, wọ́n sì jọra bí ìbejì. Èkíní wá láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan tí mo kọ́ ní yunifásítì nígbà kan, tó ti ń gbé ní Amẹ́ríkà tipẹ́tipẹ́. Ó ní àwọn ará ibi iṣẹ́ òun máa ń fúnra wọn ki katiríìjì nínú gáráàjì, òun náà sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó wá bi mí pé: "Prọ́fẹ́sọ̀, ṣé àwọn baba wa náà ṣe irú nǹkan báyìí rí?" Èkejì wá láti ẹnu ọ̀dọ́ ọdẹ kan ní apá ọ̀dọ̀ wa níbí, ní etíkun Àgbádárìgì. Òun ò tiẹ̀ mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń pe nǹkan náà ní eré ìdárayá. Ohun tó wí ni pé: "Bàbá, katiríìjì ti wọ́n jù. Èèpo rẹ̀ tá a bá ti yìn tán, ṣé a ò lè tún ẹ̀tù rọ sínú ẹ̀ ká máa lò ó lọ?"

Nǹkan kan náà ni àwọn méjèèjì ń bèèrè, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí oníkálukú dúró lé ló yàtọ̀. Ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà lè jókòó sídìí tábìlì rẹ̀ lálẹ́ Sátidé, kó ṣe é, kó sì lọ sùn. Tí ọdẹ tiwa bá ṣe é, ó lè já sí ẹ̀wọ̀n ọdún 10. Ó tún lè já sí ojú tó fọ́ tàbí ìka tó gé. Nítorí náà ni mo ṣe ní kí n dá àwọn méjèèjì lóhùn pọ̀, kí àwọn yòókù lè gbọ́ ọ.

Kí n tètè sọ ọ́: òpìtàn ni mí, mi ò kì í ṣe ṣọ́jà, mi ò sì kì í ṣe alágbẹ̀dẹ. Ẹ ò ní rí ìwọ̀n ẹ̀tù kankan nínú àpilẹ̀kọ yìí. Ìdí tí mi ò fi ní kọ ọ́ máa hàn níwájú.

Kí ló wà nínú katiríìjì kan?

Ohun mẹ́rin ló para pọ̀ di katiríìjì. Èkíní ni èèpo rẹ̀, tí í ṣe idẹ fún ìbọn ráífù. Èkejì ni kápù, ohun kékeré roboto kan tó wà ní ìdí èèpo náà. Nígbà tí ìbọn bá gbá a, á ṣe ìpàǹpá iná. Ẹ̀kẹta ni ẹ̀tù, tí iná yẹn máa ràn. Ẹ̀kẹrin ni ọta, tí ẹ̀fúùfù gbígbóná tó tinú ẹ̀tù jáde máa tì síta. Ti àwọn ọdẹ wa tó ń lo dọ́bù-bárẹ́ẹ̀lì yàtọ̀ díẹ̀: rọ́bà ni èèpo wọn, idẹ wà ní ìdí rẹ̀ nìkan, ọta wẹ́wẹ́ ló pọ̀ nínú rẹ̀, wọ́n sì fi nǹkan kan dí àárín ẹ̀tù àti ọta.

Tí ẹ bá ti yìn ín tán, kí ló kù? Ẹ̀tù ti jóná, ọta ti lọ, kápù ti kú. Èèpo nìkan ló kù. Nínú ráífù, èèpo idẹ yìí ló sì wọ́n jù nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n àtúnkì ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ènìyàn rí i pé ohun tó wọ́n jù lọ ni àwọn ń dà nù, wọ́n ní kí ló dé tí àwọn ò fi ṣà á, kí àwọn tún un ṣe, kí àwọn sì tún un kì?

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kan kún un fún àwọn tó máa ń rí nọ́ńbà 12 lára páálí katiríìjì tí wọn ò mọ ohun tó túmọ̀ sí. Nọ́ńbà yẹn kì í ṣe gígùn, kì í sì í ṣe ìbú lórí rúlà. Tí ẹ bá mú òjé pọ́ùn kan, tí ẹ pín in sí ọ̀nà 12 dọ́gbadọ́gba, tí ẹ wá ṣù ú sí bọ́ọ̀lù 12, ọ̀kan ṣoṣo nínú bọ́ọ̀lù wọ̀nyẹn ló máa wọ ẹnu ìbọn náà géérégé. Ìdí nìyẹn tí ìbọn nọ́ńbà 20 fi kéré lẹ́nu ju ti nọ́ńbà 12 lọ. Ìwọ̀n ayé àtijọ́ ni, ìgbà tí oníbọn fúnra rẹ̀ ń yọ́ òjé tirẹ̀.

Àwọn baba wa ki ìbọn, ṣùgbọ́n wọn ò ki katiríìjì

Ìdáhùn mi sí ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà nìyí: gbogbo ọdẹ Yorùbá ayé àtijọ́ ló ń ṣe iṣẹ́ yìí, ẹnu ìbọn ni wọ́n sì ti ń ṣe é. Ìbọn ṣakabùlà kò ní katiríìjì. Ọdẹ máa rọ ẹ̀tù sí i láti ẹnu, á fi ìhá ẹyìn tàbí àkísà dí i, á ju ọta sí i, á tún dí i, á sì fi ọ̀pá kì í mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí a ń lò fún un, "kì", òun náà la ń lò fún ohunkóhun tí a bá tẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú nǹkan títí tó fi kún. Láti ibẹ̀ ni mo ti fa "àtúnkì" tí mo fi ṣe orí àpilẹ̀kọ yìí yọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ọ̀rọ̀ tó dára jù ú lọ, kó fi ránṣẹ́.

Ẹ kíyè sí ohùn lórí ọ̀rọ̀ wa yìí pẹ̀lú. Ẹ̀tù la fi ń yin ìbọn, ẹtu ni ẹran inú igbó, ẹtù ni ẹyẹ tó ní àmì funfun tótòtó lára. Ẹni tí ò bá fi àmì sórí ọ̀rọ̀ tó ń kọ, tó wá kọ ọ́ pé ọdẹ gbé "etu" sílé, a ò ní mọ̀ bóyá oúnjẹ ló gbé wálé ni tàbí jàǹbá.

Nítorí pé ọdẹ ló ń ki gbogbo ìbọn tó bá máa yìn, ọwọ́ rẹ̀ ni ẹ̀mí rẹ̀ wà. Tó bá pọ̀ jù, ọ̀pá ìbọn á bẹ́. Tó bá kéré jù, ẹran á sá lọ tàbí kó kọjú sí i. Kò sí ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí. Ọmọ máa ń tẹ̀lé baba tàbí ọ̀gá rẹ̀ fún ọdún bíi mélòó kan kí wọ́n tó jẹ́ kó dá ìbọn kì. Òfin àwọn àgbà nípa rẹ̀ kò sì ní àwáwí: ìbọn ní apátí, ìbọn kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọjú rẹ̀ sí òun?

Ẹ̀tù àti Àgbádárìgì

Ìlú wa yìí wà lára àwọn ibi tí ẹ̀tù òyìnbó gbà wọ ilẹ̀ Yorùbá. Ìtàn náà kò dùn. Láti ọ̀rúndún kejìdínlógún ni Àgbádárìgì ti jẹ́ ọjà ẹrú, ìbọn àti ẹ̀tù sì wà lára ohun tí àwọn oníṣòwò òyìnbó ń kó wá ṣe pàṣípààrọ̀ ènìyàn, pẹ̀lú ọtí, aṣọ àti dígí. Ẹni tó bá wọ àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà nílùú lónìí, tàbí tó wo àwọn àgbá àtijọ́, á rí i pé ṣẹ́ṣẹ́ ẹfun ni ọ̀rọ̀ yìí hàn. Ìbọn ń mú ẹrú, ẹrú ń ra ìbọn, ìbọn tún lọ mú ẹrú míì.

Orúkọ tí òyìnbó ń pe ṣakabùlà, "Dane gun", tọ́ka sí Dẹ́ńmákì, ṣùgbọ́n ìlú Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìbọn tí wọ́n kó wá sí Áfíríkà. Nígbà tó di àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí Kòsọ́kọ́ jọba l'Ékòó tí òun àti Ẹ̀gbá kò sì jọ ṣe, ọ̀nà Àgbádárìgì ni Abẹ́òkúta ń gbà dé etí òkun. Àwọn míṣọ́nnárì gba ibẹ̀ lọ sókè, ìbọn àti ẹ̀tù náà sì gba ibẹ̀. Nígbà tí Dàhọ̀mì dojú kọ Abẹ́òkúta ní oṣù kẹta 1851, tí Ẹ̀gbá sì lé wọn padà, ẹ̀tù tó ti etíkun wá kò lè ṣàì wà nínú ìtàn náà.

Kí ló dé tí ṣakabùlà fi kù sí wa lọ́wọ́?

Àwọn kan rò pé ṣakabùlà kù sọ́wọ́ ọdẹ Yorùbá nítorí pé a ò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. A ti ní ìbọn oníkatiríìjì, àwọn baba wa sì mọ iyì rẹ̀ dáadáa. Nígbà ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà l'Ékòó kó ìbọn Snider ránṣẹ́ sí Èkìtìparapọ̀. Snider yìí, ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń kì í, katiríìjì ló sì ń jẹ. Kí ọmọ ogun Ìbàdàn tó fi ọ̀pá ki ṣakabùlà rẹ̀ tán lẹ́ẹ̀kan, ẹni tó mú Snider lọ́wọ́ á ti yìn ín lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìbàdàn rí i, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá tiwọn. Ohùn ìbọn ogun náà ni wọ́n ní ó sọ ọ́ ní Kírìjì. Àdéhùn àlàáfíà wáyé ní 1886.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní oṣù keje 1890, àwọn ìjọba òyìnbó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan ní Brussels, ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù. Ohun tó gbajúmọ̀ nínú rẹ̀ ni òpin òwò ẹrú. Ṣùgbọ́n ohun míì wà níbẹ̀. Wọ́n fàlà sí àárín Áfíríkà, láti ìlà 20 ní àríwá títí dé ìlà 22 ní gúúsù, wọ́n ní ìbọn ráífù àti ìbọn tí a ń kì láti ẹ̀yìn kò gbọdọ̀ wọ àárín ibẹ̀ mọ́ bí kò ṣe fún ìjọba àti àwọn ènìyàn díẹ̀. Ohun tí wọ́n gbà kí àwọn ọmọ ilẹ̀ rà ni ìbọn olókùúta tí a ń kì lẹ́nu, àti ẹ̀tù dúdú lásán. Ẹ ṣe ìṣirò ìgbà náà fúnra yín: àwọn ọdún yẹn gan-an ni wọ́n ń pín ilẹ̀ wa mọ́ra wọn lọ́wọ́.

Nítorí náà, òfin ló dá ṣakabùlà dúró sí wa lọ́wọ́. Àwọn alágbẹ̀dẹ wa kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é àti bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe, àwọn ọdẹ sì fi ń jẹun. Títí dòní, nínú òfin Nàìjíríà, ṣakabùlà wà ní ìsọ̀rí tirẹ̀ lọ́tọ̀. Màá dé ibẹ̀.

Boxer àti Berdan

Kí n tó lọ sórí bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ lókè òkun, ìtàn kékeré kan wà tó ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ní àwọn ọdún 1860, ọkùnrin méjì ń ro nǹkan kan náà. Ọ̀kan ni Edward Boxer, sójà Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní ilé iṣẹ́ ohun ìjà ní Woolwich. Katiríìjì tirẹ̀ ni Snider jẹ. Èkejì ni Hiram Berdan, ará Amẹ́ríkà. Kápù Boxer gba ihò kan ṣoṣo ní àárín ìdí èèpo. Ti Berdan gba ihò wẹ́wẹ́ méjì, wọn ò sí ní àárín.

Kí ni ìyàtọ̀ ihò kan sí méjì? Òun gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ àtúnkì. Tí ihò bá jẹ́ kan ní àárín, abẹ́rẹ́ irin kan lè gba inú èèpo wọlé, kó sì ti kápù tó ti kú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Tí ihò bá jẹ́ méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, abẹ́rẹ́ ò ní rí ọ̀nà gbà. Ohun tó wá dùn níbẹ̀ ni pé ti Boxer tó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni Amẹ́ríkà gbà, ti Berdan tó jẹ́ ará Amẹ́ríkà ni Yúróòpù sì lò káàkiri. Ìdí pàtàkì kan nìyẹn tí àtúnkì fi rọrùn ní Amẹ́ríkà, tó sì di eré àwọn mẹ̀kúnnù níbẹ̀.

Ohun kejì tó yí ayé ìbọn padà ni ẹ̀tù tí kì í rú èéfín. Paul Vieille, ará Faransé, ló ṣe é yọrí ní 1884. Ẹ̀tù dúdú àtijọ́, èédú, imí ọjọ́ àti irú iyọ̀ kan ló wà nínú rẹ̀, èéfín rẹ̀ pọ̀, ìdọ̀tí rẹ̀ sì máa ń ba irin jẹ́. Ẹ̀tù Vieille kì í ṣe ìdílé kan náà rárá. Díẹ̀ rẹ̀ lágbára ju ọ̀pọ̀ ẹ̀tù dúdú lọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ni ẹ̀mí àwọn kan rọ̀ mọ́.

Bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ lókè òkun

Ní Amẹ́ríkà, òfin ìjọba àpapọ̀ wọn kò béèrè láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ ẹni tó ń ki katiríìjì fún ara rẹ̀. Tó bá fẹ́ máa tà á nìkan ló nílò láísẹ́ǹsì àwọn aṣe-katiríìjì. Àwọn ìpínlẹ̀ lè fi òfin tiwọn kún un, nítorí náà kí oníkálukú bèèrè níbi tó ń gbé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó le díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: láti ìgbà òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1906 ló ti kọ́, rárá, 2006 ni, ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà: ẹni tó bá fẹ́ ra kápù gbọ́dọ̀ fi ìwé àṣẹ ìbọn tàbí ẹ̀rí míì tí òfin gbà hàn.

Ohun tó ń fa àwọn ènìyàn sí i jẹ́ mẹ́ta. Àwọn kan fẹ́ dín owó kù. Àwọn kan ní ìbọn àtijọ́ tí kò sí katiríìjì rẹ̀ lọ́jà mọ́. Àwọn kan sì jẹ́ eléré ìdíje tó fẹ́ kí gbogbo ọta wọn dọ́gba, kó lè máa bọ́ sójú kan. Ilé iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ gbajúmọ̀ jù nínú irin iṣẹ́ yìí, RCBS, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Fred Huntington ló dá a sílẹ̀ ní ìlú Oroville, ní Kalifọ́níà, ní 1943, nígbà tí ogun àgbáyé sọ ọta di ọ̀wọ́n.

Iṣẹ́ náà ní ìtẹ̀lé. Wọ́n máa ń fọ èèpo, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti sán. Wọ́n á fi ẹ̀rọ ìtẹ̀ kan fún un padà sí ìwọ̀n rẹ̀, torí iná ti mú un wú. Ẹ̀rọ yẹn náà ló máa ti kápù òkú jáde. Wọ́n á fi kápù tuntun sí i, wọ́n á wọn ẹ̀tù, wọ́n á sì fi ọta dé e. Ìyẹn ò ju ìtẹ̀lé lọ. Ohun tó ṣòro ni ìṣọ́ra.

Nítorí náà, fún ìwọ tí o bi mí láti Amẹ́ríkà, ohun tí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà fẹnu kò sí nìyí. Ìwé ni kí o kọ́kọ́ rà kí o tó ra ẹ̀rọ. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀tù àti ọta máa ń dán ìwọ̀n wò nínú yàrá ìwádìí, wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Ìwọ̀n tó bá ti ẹnu ọ̀rẹ́ jáde kì í ṣe ìwọ̀n. Èyí gan-an nìdí tí mi ò fi kọ ọ̀kan síbí. Ìsàlẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, má bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Ra òṣùwọ̀n tó péye. Agolo ẹ̀tù kan ṣoṣo ni kó wà lórí tábìlì lẹ́ẹ̀kan, kí èyí má bàa dà mọ́ tọ̀hún. Fi iná wo inú gbogbo èèpo kí o tó dé e, torí ẹni tó bá rọ ẹ̀tù lẹ́ẹ̀mejì sínú ọ̀kan ti kọ ìwé ìkú. Wọ ìgò ojú. Pa tẹlifíṣọ̀n, pa fóònù, má fa sìgá. Wá àgbà nínú ẹgbẹ́ yín, kí o jókòó tì í. Àwọn baba rẹ náà kò dá a kọ́.

Òfin ilé wa

Ó wá kan ọmọ mi ọdẹ. Òfin Ìbọn ti 1959, tó ṣì ń ṣiṣẹ́ títí dòní nínú àkójọ òfin Nàìjíríà, pín ìbọn sí ìsọ̀rí mẹ́ta. Ìsọ̀rí kìíní ni àwọn tó jẹ́ èèwọ̀: àgbá, bọ́ǹbù, ìbọn oníròjò, ráífù ológun, pístù. Ìsọ̀rí kejì ni ti ara ẹni: ìbọn ọdẹ oníkatiríìjì, ráífù ọdẹ, àní ìbọn afẹ́fẹ́ tí àwọn ọmọdé rò pé eré ni. Láísẹ́ǹsì Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá ló ń gbà. Ìsọ̀rí kẹta ni ìbọn tí a ń kì lẹ́nu: ṣakabùlà, olókùúta àti onikápù. Ìyẹn náà ní ìwé àṣẹ tirẹ̀, ìtàn Brussels tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ló gbé e dé bẹ̀.

Abala 22 òfin náà ló kan ọ̀rọ̀ wa. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe ìbọn tàbí ọta, kò gbọdọ̀ tò ó pọ̀, bí kò ṣe ní ilé ohun ìjà ìjọba tàbí ti àwọn ológun pẹ̀lú àṣẹ Ààrẹ. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà, "tò ó pọ̀". Kíki ẹ̀tù, kápù àti ọta sínú èèpo, títò pọ̀ ni. Òfin kò bèèrè bóyá o fẹ́ tà á tàbí o fẹ́ fi pa ọ̀yà jẹ. Ìjìyà rẹ̀ sì wà ní abala 27: ẹ̀wọ̀n tí kò gbọdọ̀ dín ní ọdún 10. Yàtọ̀ sí ìyẹn, òfin kan wà láti 1964 lórí ẹ̀tù àti ohun abúgbàù mìíràn. Nàìjíríà tún fọwọ́ sí àdéhùn ECOWAS lórí ohun ìjà kéékèèké àti ọta wọn, èyí tí wọ́n ṣe l'Ábújá ní oṣù kẹfà 2006.

Àwọn kan á ní òfin yìí le jù fún ọdẹ tó ń wá ọbẹ̀. Àríyànjiyàn tó yẹ ká ṣe ni, mo sì gbà pé ó yẹ kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin gbọ́ ohùn àwọn ọdẹ, pàápàá láti ìgbà tí àwọn gómìnà ìwọ̀ oòrùn gúúsù ti gbé Àmọ̀tẹ́kùn jáde ní oṣù kìíní 2020, tí wọ́n sì ń fi àwọn ọdẹ ṣọ́ ìlú. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé ibi tí a ń gbé. Ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Lóṣù kìíní 2017, àwọn Kọ́sítọ́ọ̀mù mú ìbọn pump-action 661 nínú ọkọ̀ kan lójú ọ̀nà Mile 2 l'Ékòó. Inú àwọn ilẹ̀kùn irin ni wọ́n kó wọn pamọ́ sí. Lẹ́yìn irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ọlọ́pàá tó bá bá kápù àti èèpo katiríìjì lórí tábìlì yín kò ní dúró gbọ́ àlàyé eré ìdárayá.

Ewu mẹ́ta ní etíkun

Ká tiẹ̀ gbé òfin sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ewu mẹ́ta wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ilé tí ọdẹ wà mọ̀.

Èkíní ni pípa ẹ̀tù méjì pọ̀. Tí ẹnì kan bá tú katiríìjì òyìnbó, tó wá rọ ẹ̀tù inú rẹ̀ sínú ṣakabùlà ní ìwọ̀n tó ti ń fi ẹ̀tù dúdú kì í, ó ti so bọ́ǹbù mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀. Ọ̀pá tí alágbẹ̀dẹ ṣe fún ẹ̀tù dúdú kò lè gba agbára yẹn. Á là, ojú àti ọwọ́ òsì tó gbé ìbọn dúró ló sì máa kọ́kọ́ gbà á. Èyí náà ni ìdáhùn mi sí "ká tún ẹ̀tù rọ sínú èèpo": ẹ̀tù wo, èló, sínú èèpo tó ti lò tó ìgbà mélòó? Ẹni tí kò bá ní ìwé àti òṣùwọ̀n, àfojúsùn ló ń ṣe, àfojúsùn kì í sì í bá ẹ̀tù ṣeré.

Èkejì ni ọ̀rinrin. Atẹ́gùn òkun àti ọ̀sà wa máa ń mú kí ẹ̀tù dúdú tutù. Nígbà òjò, ọdẹ á ní kí òun fi í sẹ́bàá ààrò kó gbẹ. Iná àti ẹ̀tù kì í sùn nínú yàrá kan náà. Ìpàǹpá kan ṣoṣo láti inú igi ìdáná ti tó, kì í sì í ṣe ọdẹ nìkan ló wà nínú ilé ìdáná. Ìyàwó wà níbẹ̀, ọmọ wà níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni òjé. Òjé kì í bú gbàù, nítorí náà ẹnikẹ́ni kì í bẹ̀rù rẹ̀. Ṣùgbọ́n májèlé ni. Ẹni tó ń yọ́ ọ fún ọta ń fa èéfín rẹ̀ símú, eruku rẹ̀ sì ń bá aṣọ rẹ̀ dé orí ẹní ọmọ. Ní 2010 ní ìpínlẹ̀ Zamfara, òjé tó wà nínú òkúta tí wọ́n ń lọ̀ láti wá wúrà ló pa ọmọdé tó lé ní 400. Àwọn òbí wọn ò mọ̀ pé ikú ni àwọn ń lọ̀ nínú ọgbà ilé. Ọpọlọ ọmọdé ni òjé máa ń bà jẹ́ jù. Ìkòkò tí a bá fi yọ́ òjé kò gbọdọ̀ padà sídìí ọbẹ̀ láéláé.

Kí ni kí a wá ṣe?

Ọmọ mi ọdẹ, má ki èèpo yẹn. Má kó wọn jọ sílé pẹ̀lú, torí ẹni tó bá rí i lè rò pé nǹkan míì lò ń gbèrò. Bí ìbọn rẹ bá ní láísẹ́ǹsì, ra ọta rẹ lọ́dọ̀ ẹni tí òfin gbà láàyè, kí o sì tọ́jú ìwé rẹ̀. Bí kò bá ní, lọ bá olórí ẹgbẹ́ ọdẹ yín kí ẹ jọ lọ bèèrè ọ̀nà tó tọ́ ní àgọ́ ọlọ́pàá. Mo mọ̀ pé owó katiríìjì ń dun ni. Àwọn àgbà ṣáà ti wí i pé bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó ro ìyà, bó bá pa ẹran, kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. Ìṣẹ́ ọdẹ kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Pàkúté ṣì wà fún ọ̀yà, àwọn kan sì ti ń sin ọ̀yà nínú ilé, tí wọn ò yin ìbọn kankan.

Ìwọ tí o wà ní Amẹ́ríkà, kọ́ ọ dáadáa bí òfin ibẹ̀ bá gbà ọ́ láàyè. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí o bá ń bọ̀ wálé, jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ kù sí gáráàjì. Ẹ̀tù àti kápù kò gbọdọ̀ wọ bàálù, ì báà jẹ́ nínú báàgì ọwọ́ tàbí èyí tí wọ́n kó sábẹ́. Má sì fi ẹ̀rọ náà ránṣẹ́ nínú kọ̀ǹtéínà sí àbúrò pé kó máa fi ṣeré. Ẹ̀bùn tó lè sọ ọmọ ìyá ẹni di ẹlẹ́wọ̀n ọdún 10 kì í ṣe ẹ̀bùn.

Ẹni tó bá ní ìtàn nípa bí àwọn baba rẹ̀ ṣe ń ki ìbọn, tàbí orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn ohun èlò rẹ̀ ní ẹ̀ka-èdè ìlú rẹ̀, tó fi mọ́ ti àwọn ará wa Ògù, kó kọ ọ́ sí mi. Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn ń bá àwọn àgbà ọdẹ wọ ilẹ̀ lọ, mo sì fẹ́ kó wọn jọ kí ilẹ̀ tó ṣú.